Báwo ni omi ṣe ń dé oko ìrẹsì orí òkè àwọn Ifugao ní Philippines?

Láti inú igbó ni. Àwọn Ifugao, ní àríwá erékùṣù Luzon, kì í pa igbó tó wà lókè oko wọn run. Muyong ni wọ́n ń pè é. Igbó yìí ló ń fa omi òjò mu, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá la ojú omi láti ibẹ̀ wá sí oko tó ga jù. Oko kọ̀ọ̀kan tẹ́jú pẹrẹsẹ, ògiri òkúta tàbí amọ̀ ló gbá a mú létí. Bí omi bá kún tòkè, á ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan ńbẹ̀ o.

Tinawon, ìrẹsì ìbílẹ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kórè rẹ̀.

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi ọ̀wọ́ márùn-ún lára àwọn oko náà sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1995. (Èyí tó wà lẹ́bàá ìlú Banaue gan-an, tí àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀ jù, kò sí lára wọn!) Wọ́n máa ń sọ pé oko wọ̀nyí ti tó 2,000 ọdún, àmọ́ ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn lẹ́nu àìpẹ́ yìí sún un sí nǹkan bí 400 ọdún.