Kí ló dé tí igi àárín apá bàálù ayé ijọ́un fi sanra láàrin?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kan Sopwith Camel kékeré kan, bàálù ogun alápá méjì ti Ogun Àgbáyé Kìíní, tí mo fẹ́ kó fò, àmọ́ àwọn igi tó wà láàrin apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ń dà mí láàmú. Nínú fọ́tò, wọ́n sanra láàrin, wọ́n wá tín-ín-rín lókè àti nísàlẹ̀. Ṣé oge lásán ni? Ṣé mi ò lè gé ọ̀gánwó bákan náà látòkè délẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe oge rárá. Já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lórí àti nídìí, wo ibi tó ti máa tẹ̀. Àárín ni àbí? Ohun tójú igi yẹn ń rí nìyẹn, torí waya tó dábùú ara wọn láàrin apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń fa apá méjèèjì mọ́ra, igi ló ń kọ̀ kí wọ́n má pàdé, ibi tó ti fẹ́ tẹ̀ ni wọ́n wá ṣe nípọn, wọ́n fá ìyókù kó lè fúyẹ́. Iwájú ẹ̀ rí róbótó, ẹ̀yìn ẹ̀ tín-ín-rín bí ìrù ẹja, torí atẹ́gùn.

Ọ̀gánwó ti wúwo jù. Propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù, ni wọ́n ń fi ọ̀gánwó (mahogany) ṣe nígbà yẹn, spruce, igi ilẹ̀ olótùútù kan, ni wọ́n fi ń ṣe igi àárín apá yìí, ó fúyẹ́ ó sì le. Wọ́n wá a débi pé lọ́dún 1917 Amẹ́ríkà kó sójà wọ igbó Oregon àti Washington, kí wọ́n lọ gé spruce o, ogun mà kúkú rèé! Kí iṣan igi ẹ tọ́ látòkè délẹ̀. Tó bá ní kókó láàrin, fi dáná. Má sì lu ihò síbẹ̀, èmi lù ú rí torí mo fẹ́ de nǹkan mọ́ ọn, bí mo ṣe ta waya báyìí, kẹ́kẹ́, ó ti ṣẹ́.

Ibi táwọn èèyàn kì í wò ni ìdí igi nínú ilé irin ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló fi jókòó, ẹrù ò ní gba àárín igi kọjá, ó máa tẹ̀ kó tó yẹ kó tẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì pa inú irin yẹn, ki igi bọ̀ ọ́, yọ ọ́, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ò bá ràn, igi ò kanlẹ̀ níbẹ̀, o ṣì ní láti fá ibi tó ràn díẹ̀díẹ̀.

Tó o bá ta waya tán, di ojú kan, wo igi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tó bá ti tẹ̀ bí ọrun, waya ẹ ló le jù, dẹ̀ ẹ́.