Ẹ Bi Wá: Pẹ́nì Fàdákà Tí Wọ́n Fi Òòlù Lù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ti kó owó ayé òyìnbó jọ, láti ọ̀níní dé kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pé. Owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n fi òòlù lù kí ẹ̀rọ tó dé, ló wá ń wù mí báyìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni n ó ṣe tí n kò fi ní ra ayédèrú? (Òǹkàwé kan, London)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tú àkójọ yín ká o. Èyí tí ẹ bá ní méjì-méjì nìkan ni kí ẹ tà, kí ẹ fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Pẹ́nì tí wọ́n lù láàárín 1180 sí 1307 ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n jù. Oríṣi mẹ́ta ni. Henry Kejì ló dá ti àgbélébùú kúkúrú sílẹ̀ ní 1180. HENRICVS (orúkọ Henry lédè Látìn) ló wà lára gbogbo ti àgbélébùú kúkúrú, títí kan èyí tí wọ́n lù láyé Richard àti John, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ọba. Ẹ yí i padà: ẹ ó rí orúkọ ẹni tó lù ú, lẹ́yìn rẹ̀ ON (ìyẹn “ní”), lẹ́yìn náà ìlú. LVN dúró fún London. Ti àgbélébùú gígùn dé ní 1247. Wọ́n fa apá àgbélébùú dé etí owó kí àwọn tó ń rẹ́ etí rẹ̀ jẹ má baà rí i ṣe láìhàn. Edward Kìíní ló gbé ẹ̀kẹta jáde ní 1279. Ìlú nìkan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn tirẹ̀, bíi CIVITAS LONDON (ìlú London) tàbí CIVITAS CANTOR (ìlú Canterbury). EDW R (ìyẹn Edward ọba) ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lójú rẹ̀. EDWA R lè jẹ́ ti Edward Kìíní tàbí ti ọmọ rẹ̀, Edward Kejì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ adé àti lẹ́tà wọn dáadáa ló lè yà wọ́n.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ kó tó nǹkan bíi gíráàmù 1.4. Bó bá fúyẹ́ tó 1.1, ẹ wo etí rẹ̀: bí lẹ́tà ti gé dànù, wọ́n ti rẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá pé pérépéré tó sì tún fúyẹ́, ẹ fura gidigidi. Ayédèrú tí wọ́n yọ́ dà, dípò kí wọ́n fi òòlù lù ú, máa ń ní ìlà tó yí etí rẹ̀ ká, lẹ́tà rẹ̀ á rọ̀ bí ọṣẹ tí omi ti jẹ, ihò wẹ́wẹ́ á sì wà lójú rẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá yọ níbi tí fàdákà ti ṣí, bàbà ló wà nínú. Ẹ má fi ìwọ̀n yìí wọn ti ẹ̀yìn 1351 o. Nǹkan bíi 1.17 ni wọ́n dín pẹ́nì kù sí nígbà náà.

Ibi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ lára owó kì í ṣe àmì pé ó ti gbó ní gbogbo ìgbà. Ẹ yí i padà: bí ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an náà bá tẹ́jú, òòlù ni kò bà á dáadáa, kò sì bà á jẹ́ lójú tiwa. Bó bá jẹ́ imú àti irun ọba nìkan ló dán, ọwọ́ èèyàn ló jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fọ̀ ọ́ kó tàn?

Ìdáhùn: Rárá. Fàdákà yìí tinrín, ó sì lè sán. Àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ pípẹ́ fi sí i ń jẹ́ kí lẹ́tà hàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní san iye tó yẹ fún èyí tí wọ́n ti fá. Ẹ fi sínú àpò bébà tí kò ní ásíìdì, ẹ má fi sínú ọ̀rá PVC, torí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ ló máa ń yọ sára owó. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹni tó tà á fún yín kọ pẹ̀lú rẹ̀.