Ẹ má tíì ra ọ̀dà fún tírélà ọkọ̀ ojú omi yẹn

Ìbéèrè: Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra tírélà tòkunbọ̀ kan tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi. Ó ti pẹ́ létí ọ̀sà ní Ìpakodò, ìpẹtà sì ti bò ó. Ẹnìkan ní kí n fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, pa á, kí n fi bọ́dì fílà, àtè tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ara mọ́tò, dí àwọn ihò rẹ̀, kí n wá kùn ún. Ọ̀dà wo ló dára jù? Mo fẹ́ fi gbé ọkọ̀ fáíbà mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ọ̀dà sápò ná. Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni pé, ṣé irin ṣì kù nínú tírélà yẹn?

Àwọn ènìyàn rò pé ìta ni ìpẹtà ti ń jẹ irin. Ti áńgù, irin tí wọ́n ṣẹ́ ní igun kan ṣoṣo, lè rí bẹ́ẹ̀, torí kò ní inú. Ṣùgbọ́n páìpù onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn tírélà wọ̀nyí. Bí ẹ bá tì í wọ omi láti já ọkọ̀ sílẹ̀, omi á gba ojú ihò bóòtì wọ inú páìpù. Tírélà á jáde, omi ò ní jáde tán. Ti ẹ̀ẹ̀rùn tún burú, torí ìgbà náà ni omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà wá, tí ẹ bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Omi iyọ̀ yẹn á jókòó sínú páìpù, á máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ wá sí ìta. Kí ẹ tó rí ihò kan lóde, gbogbo àyíká rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Wọ́n gbé ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní sílífà, ó ń dán. Ẹni tó ni ín ní kí n kàn bá òun jó ibi iná ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mo fi òòlù kékeré kan páìpù náà láti iwájú lọ sẹ́yìn: kọ́n, kọ́n, kọ́n. Nígbà tí mo dé ibi sípíríǹgì, ó dún pọ̀. Mo tún kàn án lẹ́ẹ̀kan, orí òòlù wọlé lọ. Bọ́dì fílà já bọ́ lódindi, ìpẹtà pupa ń dà jáde bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n ń fẹ́, omi dúdú tẹ̀ lé e. Ibi tó ń gbé ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì lójú títì nìyẹn o! Títí dòní ni inú ń bí mi sí ẹni tó gbowó iṣẹ́ náà.

Bọ́dì fílà kì í gbé ẹrù. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ò dé inú páìpù, ibi tó bá sì dé, ọ̀dà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá wú, ẹ má rò pé ibẹ̀ ló nípọn: ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀, torí fáíbà àti pẹtiróòlù ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná wẹ́dà. Ẹ kàn án lóòlù, ẹ fi sukudiráfà gún abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀, kí wọ́n gé e títí dé ibi tí irin ti ń dán, kí wọ́n jó irin tuntun tó nípọn bákan náà sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ irin lé orí ìpẹtà. Tó bá jẹ́ ásù, irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ló jẹ, tàbí ẹnu tó so mọ́ mọ́tò, ẹ má tún un ṣe, ẹ ra òmíràn. Kí wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ páìpù kí omi lè máa ro jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, búrọ́ọ̀ṣì onírin, rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì (ọ̀dà pupa àkọ́kùn tó ń dá ìpẹtà dúró), kí ẹ wá kun ọ̀dà tó bá wù yín. Kí ẹ sì tú bẹ́árì ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní gíríìsì tuntun.

Ohun kan tún wà. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú tó ń dán lábẹ́ ìdọ̀tí, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Síńkì á ti di èéfín ní nǹkan bíi 907°C, irin ò sì ní tíì yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bíi 1,500°C. Kí wẹ́dà yín fi fáìlìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin, lọ síńkì náà kúrò níbi tó fẹ́ jó, níta gbangba. Èéfín funfun yẹn a máa dá ibà àti òtútù síni lára lálẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wa ń mu mílíìkì sí i. Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan fún un.

Mi ò fojú rí tírélà yín, ọ̀rọ̀ mi ò sì rọ́pò ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀ tó kàn án wò. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ má fà á gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.