Ariwo hard disk ń wọ inú máìkì mi: SSD wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé mi ní Ọbáńtokò ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, ìpolówó rédíò àti ewì ìnáwó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń lò, tòkunbọ̀ ni, hard disk 1TB ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá gbà ló ń ní "hùùù" lábẹ́, tí "kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́" yóò tún máa yọjú láàárín. Wọ́n ní kí n lọ ra SSD, ìkófáìlì-sí ìgbàlódé tó ń rọ́pò hard disk. Ṣé lóòótọ́ ni kì í pariwo? Irú wo ni kí n rà tí owó mi ò fi ní ṣòfò?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, SSD kì í dún, torí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbéra lọ rà á ní Pànṣẹ́kẹ́. "Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́" yẹn, hard disk ni mo fura sí. "Hùùù" ní tirẹ̀ lè jẹ́ fáànù.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Ẹ ó rí wáyà méjì tó wọ ìdí hard disk, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan kéré. Ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ wá tan ẹ̀rọ náà padà. Yóò máa ṣàròyé lójú rẹ̀ pé òun ò rí Windows. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà tẹ́tí. Bí gbogbo rẹ̀ bá pa lọ́lọ́, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí "hùùù" bá ṣì ń lọ, fáànù ni, pàápàá bí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí eruku ti dì mọ́ ọn. Ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù ná. (Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ìyẹn kọjá agbára mi.)

Ohun tó ń dún nínú hard disk nìyí: àwọn abọ́ pẹlẹbẹ kan ni mọ́tò ń yí, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí wọn láti wá fáìlì, òun ló ń ṣe "kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́". Yíyí yẹn ń gbọn àpótí, àpótí ń gbọn tábìlì. Bí ẹsẹ̀ máìkì yín bá wà lórí tábìlì kan náà, ó ti gbà á tààrà. Ẹ gbé àpótí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lónìí, ẹ fi fóòmù líle sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ láì tíì ná kọ́bọ̀. Àmọ́ bí hard disk náà bá ń ṣe "kà... kà... kà", tí ẹ̀rọ sì ń dákú, àìsàn ti wọ̀ ọ́. Ẹ kó iṣẹ́ yín jáde kíákíá.

Tó bá kan ríra, SSD SATA 500GB ni màá ní kí ẹ mú. Wáyà méjì tí ẹ yọ yẹn náà ló ń lò. Bí àyè rẹ̀ nínú àpótí bá tóbi jù ú lọ, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan. Kò ní gbọ̀n. Ọlọ́jà yóò ní NVMe, irú SSD mìíràn, yára jù ú lọ fíìfíì. Kò purọ́, àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ohùn sítẹ́ríò tí ẹ bá gbà ní 48kHz, 24-bit, nǹkan bí 1GB ni odidi wákàtí kan. SSD SATA ń gbé nǹkan bí 500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, NVMe tó rí bí ègé ṣingọ́ọ̀mù yẹn, ihò M.2 ló ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ò ní ihò náà, àwọn kan ní in ṣùgbọ́n SATA nìkan ni ihò wọn gbà.

Kò di dandan kí wọ́n gbé Windows tuntun sí i. Wọ́n lè da gbogbo ohun tó wà lórí hard disk kọ sórí SSD bó ṣe wà, bí ẹrù ibẹ̀ ò bá ṣáà ti ju 500GB lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún SSD "2TB" olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ti kọ́ ọ láti purọ́ fún Windows nípa bí ààyè rẹ̀ ṣe tó. Bí fáìlì bá ti kọjá ààyè tó ní gan-an, ó gbé nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw wà lọ́fẹ̀ẹ́: á kọ nǹkan kún inú rẹ̀, á tún un kà padà, àṣírí á tú. SSD tòkunbọ̀? Èmi ò ní rà á. Bí ẹ bá fẹ́ rà á ṣá, kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti bí ara rẹ̀ ṣe le tó.

Hard disk àtijọ́ yẹn, ẹ má jù ú nù. Hard disk sábà máa ń kérora kó tó kú. SSD lè dákẹ́ lọ́sàn-án kan òru kan, ó tán. SSD tí kò bá sì rí iná fún ìgbà pípẹ́ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Nítorí náà, ẹ ra ilé USB, àpótí tí a fi ń so hard disk mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, fún hard disk yín, kí ẹ máa so ó pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ láti fi ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó tan máìkì. Hard disk kọ̀ǹpútà orí tábìlì tóbi, iná USB nìkan ò tó o. Ilé tó ní ádápítọ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ó ku iná tó ń lọ lójijì. Bó bá lọ nígbà tí SSD ń kọ fáìlì lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bàjẹ́, ẹ wá UPS sí i, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Èyí tí ẹ lè pa bíípù rẹ̀ ni kí ẹ mú.