Ṣé https ni kì í jẹ́ kí búráúsà tọ́jú fáìlì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orí ìkànnì wa làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dáńlóòdù ìwé àkáǹtì wọn. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ní ká yọ https, ohun tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìkànnì àti búráúsà, kúrò, pé búráúsà kì í tọ́jú ohunkóhun tó bá gba orí https wọlé, òun ló fi ń jẹ dátà. Ó ní bí a ò bá sì yọ ọ́, ó kéré tán, kò ní í sí ohun tó máa ṣẹ́kù sórí kọ̀ǹpútà káfè. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Bí https bá kúrò, páásìwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn yín àti iye tí ìyá onígàrí fi pamọ́ á máa kọjá ní gbangba. Ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà tó sì mọ ọ̀nà rẹ̀ á rí i kà. Láti 2018 ni Chrome sì ti ń kọ "Not secure" síwájú orúkọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé búráúsà kì í tọ́jú nǹkan https. Láti Ṣágámù dé Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti ń bi mí. Irọ́ ni! Ó níbi tó ti wá o: nígbà kan, Firefox kì í tọ́jú fáìlì https sórí díìsìkì àfi tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì fún yín, bá kọ "public" sí i, Internet Explorer 8 sì máa ń kọ̀ láti dáńlóòdù fáìlì https tí sáfà bá ní kó má tọ́jú. Firefox 4 àti Internet Explorer 9 ti yanjú rẹ̀ láti 2011. Ẹni tó bá ṣì ń fi ìmọ̀ràn yẹn gbowó lónìí, owó yín ló ń jẹ lásán.

Ojú ọ̀nà ni https ń ṣọ́, láti sáfà dé búráúsà. Ó dà bí ọkọ̀ tó ń kó owó báǹkì láti Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde: bí wọ́n bá ti ka owó sórí tábìlì tán, ọlọ́pàá tó tẹ̀lé ọkọ̀ ti ṣe tirẹ̀. Búráúsà á tú ìwé náà, á sì lè fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú cache, níbi tó ń kó ohun tó ti gbé wá sí kó má baà tún un gbé. Ìlà kan tí sáfà ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì, Cache-Control, ló ń pàṣẹ ohun tó lè tọ́jú.

Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ ṣí ìkànnì yín nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, kí ẹ rí i pé wọn ò fa ààmì sí Disable cache, kí ẹ wá tún ojú ewé náà ṣí. Ẹ wo abẹ́ Size. Ibi tó bá ti kọ disk cache, kò jẹ dátà kankan níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ló ti mú un. https sì wà níbẹ̀ digbí.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kò ju pé sáfà àárín ọ̀nà, irú èyí tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé kalẹ̀, kò lè tọ́jú ohun https fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún ìwé owó ẹni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí ẹni tó kọ́ ìkànnì yín kọ Cache-Control: no-store sí ìwé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn pé kí búráúsà má tọ́jú rẹ̀ rárá. Kó má kọ no-cache o. Ìyẹn ṣì gbà kí búráúsà tọ́jú rẹ̀, kó kàn máa bi sáfà kó tó lò ó. Lógò àti fọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé lè rí, kó fún wọn ní public, max-age=604800, ìyẹn ọjọ́ 7. Ibẹ̀ ni dátà ti máa dínkù. Mi ò tíì rí sáfà yín, nítorí náà ẹ fi àkáǹtì ẹnì kan dán an wò ná. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́yà ni kí ẹ bi nípa ìyẹn.

Ní ti káfè, no-store ò lè pa ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dáńlóòdù rẹ́. Inú Downloads ló wà, Incognito, ojú ìkọ̀kọ̀ Chrome, pàápàá kì í pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì náà pé fóònù ara wọn ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá di dandan fún, kó pa fáìlì rẹ́ nínú Downloads àti Recycle Bin, kó jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ kó tó dìde. Àwọn àgbà tó ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.