Jeep CJ-7 ọdún 1979: kí ni gbogbo hóòsì wọ̀nyí ń ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra Jeep CJ-7 ọdún 1979, ẹ́ńjìnnì 258 onísílíńdà mẹ́fà, níbí ní California. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ àwọn hóòsì kan, ó sì fi bóòtù kéékèèké dí ẹnu àwọn mìíràn. Mẹkáníìkì kan ní kí n kúkú tú gbogbo ẹ̀yà tó wà fún èéfín dànù. Báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀, ṣé kí n sì tú wọn lóòótọ́?
Òǹkàwé yín, Oakland.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ohunkóhun. Ní California, ọkọ̀ ọdún 1975 àti èyí tó dàgbà jù ú lọ nìkan ni òfin Smog Check, ìyẹn àyẹ̀wò èéfín ọkọ̀, yọ sílẹ̀. Tiyín gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò náà ní ọdún méjì-méjì, olùyẹ̀wò kì í sì í wo èéfín ẹnu sáléńsà nìkan. Á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á fojú wá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti dín, ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kí èéfín rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ wá ìwé ìtọ́nisọ́nà tí AMC, ilé iṣẹ́ tó ṣe Jeep nígbà yẹn, ṣe fún àwọn mẹkáníìkì lọ́dún náà, kí ẹ sì rí i dájú pé àwòrán hóòsì ti California lẹ ń lò, torí ètò rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ìrísí dá ẹ̀yà mọ̀. Ẹ tọ páìpù rẹ̀ láti ìdí dé orí.

Ohun tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń yí, tí kò ní wáyà, tí kò sì ní epo tàbí omi nínú, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ni. Ó ń ti afẹ́fẹ́ tútù lọ sínú manifold èéfín, ibi tí èéfín ń gbà jáde kúrò nínú sílíńdà, kí pẹtiróòlù tí kò jóná tán nínú sílíńdà lè parí jíjó níbẹ̀. Fáàfù tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, diverter, ló ń da afẹ́fẹ́ yẹn síta nígbà tí ẹ bá ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré. Bí kò bá ṣiṣẹ́, sáléńsà á máa yìnbọn.

Níbi tí hóòsì rọ́bà ti pàdé páìpù irin, ẹ ó rí agolo irin roboto kan: check valve. Èyí ni kí ẹ fura sí jù lọ. Ẹ tú u, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ láti ìhà hóòsì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ láti ìhà kejì, kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Bó bá ń jò, èéfín gbígbóná á padà sẹ́yìn, á jó hóòsì, á sì ba pọ́ǹpù jẹ́. Tí inú hóòsì bá ti dúdú tó sì le gan-an, check valve ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù nìkan á tún ra òmíràn. Ẹ fi òróró tó ń tú ìpẹtà rin àwọn nọ́ọ̀tù ìdí manifold mọ́jú kí ẹ tó fi sípánà kàn wọ́n, torí páìpù tó ti dípẹtà máa ń kán sínú ihò.

Èyí tó rí bí olú, tí bóòtù méjì dè mọ́ manifold tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tí hóòsì tín-ín-rín kan sì wà lórí rẹ̀, EGR ni. Ó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú sílíńdà kí iná ibẹ̀ má baà gbóná jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì wà ní síló, ìyẹn tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ìtẹ̀, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa fákúùmù (agbára tó ń fa afẹ́fẹ́) sí i: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n tàbí kó kú. Tí kò bá yí padà, bí fáàfù náà bá ń gbéra, èérún èéfín ló ti dí ihò rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ ha á mọ́, ẹ fi gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

Àmọ́ bí síló bá ń gbọ̀n láìsí pé ẹ fọwọ́ kàn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n so hóòsì EGR mọ́. Ẹ fi gééjì fákúùmù wo ẹnu ihò tí wọ́n so ó mọ́ ní síló. Ẹnu ihò tó bá ń fi ínṣì 15 sí 20 hàn, ti manifold nìyẹn, kì í ṣe ti EGR. Èyí tó bá wà ní òdo, tó wá ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ ìtẹ̀, òun lẹ ń wá. Hóòsì rẹ̀ máa ń gba inú CTO kọjá, ẹ̀yà kékeré kan tó wọ inú ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà, tó ń dí fákúùmù títí omi á fi gbóná. Ẹ má tú CTO lójú gbígbóná o; ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sì ro omi díẹ̀ kúrò nínú rédíétọ̀.

PCV, fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà láti jóná, wà nínú rọ́bà lórí ìdérí fáàfù: ẹ mì ín, ó yẹ kó máa dún. Agolo dúdú ńlá tí páìpù rẹ̀ ti tánkì wá, èédú ló wà nínú rẹ̀, tó ń mú òórùn pẹtiróòlù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kábúrétọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì tín-ín-rín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má tú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà tó ti sán ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi kábúrétọ̀ irú mìíràn rọ́pò ti ilé iṣẹ́, ẹ béèrè nọ́ńbà Executive Order, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ California fún un, kí ẹ tó sanwó.