Ṣé ayédèrú ni ìkòkò stainless tí òòfà bá fà?

Ìbéèrè: Mo ra ìkòkò stainless ní ọjà Wuse, òòfà inú sìpíkà àtijọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Rárá o, òòfà nìkan kò tó dá ọjà lẹ́jọ́. Chromium, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin stainless, ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Bó bá ti tó nǹkan bí 10.5% nínú irin náà, yóò bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ínrín kan tí ojú kò lè rí. Bí a bá ha á, awọ náà á tún ara rẹ̀ ṣe. Irú stainless tí wọ́n ń pè ní 304 tún ní èròjà mìíràn, nickel, bíi 8%; nickel yìí ni kì í jẹ́ kí òòfà fà á. Irú tí wọ́n ń pè ní 430 kò ní nickel tó bẹ́ẹ̀, òòfà ń fà á, síbẹ̀ ojúlówó ni. Owó rẹ̀ kàn kéré ni, iyọ̀ sì tètè ń jẹ ẹ́ ju 304 lọ. Kódà 304 lè gba òòfà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Kànrìnkàn onírin ni kí ẹ yẹra fún (ìyàwó mi kò tíì gbà): èérún rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìkòkò, á dípẹtà, a ó wá sọ pé ìkòkò ló dípẹtà.